Fọ́tò Mọ́kànlá

Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá 2014

Ilé-ìwé wọlé ní Wẹ́síìdeè. Ẹ̀rù Ebola ló dá wa dúró sílé títí di báyìí. Garawa omi àti ọṣẹ ló ń kí wa ní géètì, àwọn ọmọ sì ti sọ ọwọ́ fífọ̀ di eré. Ọ̀gá pè wá jọ pé kò sí owó ìwé tuntun, kí tíṣà kọ̀ọ̀kan lọ wá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́lápọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà kọ àwọn sáìtì sójú pátákó fún wa. Ọ̀kan ń fúnni ní ìbéèrè ìdánwò, ọ̀kan ń fúnni ní ìwé ìtàn, ọ̀kan sì ń túmọ̀ èdè, àmọ́ ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Kọ́lápọ̀ ń pe "ọ̀fẹ́" bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń pín in.

Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi ímeèlì wọlé. Mo ní ọ̀kan tí mo ṣí nígbà tí mò ń wáṣẹ́, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ṣí i lórí fóònù lónìí níbi tí mo ti ń se ẹ̀wà. Ìpolówó ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Láàárín wọn ni mo ti rí ti sáìtì ọ̀fẹ́ tó ń báni tọ́jú fọ́tò. Wọ́n ní àwọn ń kógbá wọlé. Tó bá di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, gbogbo fọ́tò á parẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ báyìí: álíbọ́ọ̀mù tí wọ́n pín pẹ̀lú yín, HAMDALAH, fọ́tò mọ́kànlá.

Mo kà á, mo tún un kà. Ẹ̀wà jóná.

Sọ́ńdè, 12 Oṣù Kẹwàá

Kò sí fọ́tò ọmọ mi kankan nílé yìí. Kí àwọn ọkùnrin tó ti ibi ìsìnkú dé lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ìyá Raheem, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti palẹ̀ gbogbo nǹkan mọ́. Aṣọ lọ, bàtà lọ, ife tó fi ń mu ògì lọ. Fọ́tò tó wà lára ògiri lọ, ìṣó nìkan ló kù. Ó tilẹ̀ yọ mẹ́mọ̀rì kádì lára fóònù Jàfárù ọkọ mi, wọ́n ní ó jù ú sínú ṣalángá. Wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn wá, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa, nítorí àánú ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é.

Orúkọ náà lọ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Hamdalah mọ́. "Tíṣà" ni mí ládùúgbò, "ìyàwó mi" ni mí lẹ́nu Ìyá Raheem. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń wí pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó ti sú mi láti máa jẹ́ agbè.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan ni pé ojú ọmọ náà ti ń ṣá lọ́kàn mi. Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí bí irun rẹ̀ ṣe máa ń ta kókó. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ti Jàfárù ni àbí tèmi. Ìyá wo ni kò mọ imú ọmọ rẹ̀? Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan péré kí èyí tó wà nínú mi tó dé, kí n má baà máa fi ojú èyí pe ojú ìyẹn.

Mọ́ńdè, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Ó béèrè pásíwọ́ọ̀dù.

Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa. Wàsíù, àbúrò ọkọ mi tó wà ní Màléṣíà, ní òun fẹ́ rí ọmọ. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń dárúkọ rẹ̀. Lẹ́nu, Ọkọ Màléṣíà ni mò ń pè é, ọmọ ilé ọkọ ẹni kì í ṣe ẹni à ń pè lórúkọ.) A gbé Hamdalah lọ sí kàfé Simeon ní Ìkọ̀tún. Simeon fi kámẹ́rà rẹ̀ ya á, ó kó àwọn fọ́tò náà sórí sáìtì ọ̀fẹ́ yẹn lórúkọ ara rẹ̀, ó sì fi èmi àti Wàsíù sí i. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kí n tì í pa, àbí kí gbogbo ayé máa wò ó?" Mo ní, "Tì í pa jàre. Ojú ayé ò dáa lára ọmọ." Mi ò bi í pé kí ló fi tì í. Mo ti ọmọ mi mọ́lé nítorí aráyé, èmi ni mo wá wà níta.

Mo kọ HAMDALAH. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré. Mo kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo kọ alhamdulillahi. Sáìtì náà ní mo ti gbìyànjú jù, kí n padà wá lọ́la.

Tọ́síìdeè, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo gba Ìkọ̀tún lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Kàfé Simeon ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè àti bátìrì fóònù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Kàfé kẹ̀? Ta ló tún ń lọ kàfé, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà lápò oníkálukú?" Ẹnì kan ní Simeon ti kó lọ sí Ayọ̀bọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi kò lọ mọ́.

Òjò pa mí wálé. Tòmátò ti gbówó lórí lẹ́yìn Iléyá, ata ni mo rà.

Sọ́ńdè, 19 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Raheem ti Ìṣẹ̀rí-Olófin kó ẹrù rẹ̀ dé. Ó ní òun ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi títí n ó fi bímọ. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gba korobá lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó. Ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Raheem ọmọ rẹ̀ pè lórí fóònù, ìyá rẹ̀ ń pè é ní Wàsíù títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Jàfárù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Obìnrin yìí fẹ́ràn mi. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀.

Tọ́síìdeè, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni sáìtì náà. Kọ́lápọ̀ bá mi tún Òyìnbó rẹ̀ ṣe. Mo ṣàlàyé pé ọmọ náà ti kú, pé èmi ni ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi. Èsì dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n ka ojú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn, wọ́n ní kí n má fèsì sí ímeèlì yìí.

Ká ní báńkì ni, n ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn. Ká ní ọ́fíìsì ìjọba ni, n ó wá ẹni tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Èyí kò ní ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tí mo lè kúnlẹ̀ fún. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Kọ́lápọ̀, ó ní, "Àǹtí, ọ̀fẹ́ mà ni. Ẹ ò sanwó fún ẹnì kankan, ta ni yóò dá yín lóhùn?"

Mọ́ńdè, 27 Oṣù Kẹwàá

Kọ́lápọ̀ fi sáìtì mìíràn hàn mí, tó ń ṣe àdàkọ àwọn sáìtì tó ti kú, kí èèyàn lè máa padà lọ wò wọ́n. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́kàn. Ó tẹ̀ ẹ́, a dúró, a rí ojú ìlẹ̀kùn kan náà tí mo ti ń kàn láti ọjọ́ yìí, tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ìlẹ̀kùn nìkan ni wọ́n rí dà kọ.

Sọ́ńdè, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo pe Wàsíù lórí áàpù tí wọ́n fi ń pe òkè òkun lọ́fẹ̀ẹ́. Ohùn rẹ̀ ń já bọ́ sínú omi.

"Ọkọ Màléṣíà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí ohun tí Simeon ní kí ẹ kọ kí ẹ tó rí fọ́tò ọmọ ọjọ́ yẹn?"

"Ìyàwó wa," ó ní, "kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣebí wọ́n ní ẹ ti wà ní ipò ìbùkún."

"Mo fẹ́ rí i ni."

"Ẹ jẹ́ kí n wá a. Fóònù tí mo fi wò ó nígbà yẹn ti bàjẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ará ilé. Ó ní, "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Sátidé, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo ní ìpàdé ilé-ìwé ni mò ń lọ. Ayọ̀bọ̀ ni mo lọ. Ọkadà ju mí sókè sódò lórí kòtò títí mo fi di ikùn mú, mo ń bẹ ọmọ inú mi pé kó má bínú. Gbogbo ilé tuntun ibẹ̀ jọra, bíríkì láìrẹ́. Mo béèrè Simeon oníkàfé lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù títí ẹnu fi bó mi. Ẹnì kan ní òun mọ Simeon kan, bíríkìlà ni.

Nígbà tí mo dé, Ìyá Raheem wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo eruku pupa ara rẹ̀, ó bu omi gbígbóná, ó wẹ̀ ẹ́ fún mi, kò sì béèrè nǹkan kan.

Túsìdeè, 11 Oṣù Kọkànlá

Wàsíù kò gbé ìpè mi. NÉPÀ kò mú iná wá.

Jímọ̀ọ́, 14 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Raheem jáde láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìsọ̀ òkìrìkà òun ní Ìkọ̀tún. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní eruku ni. Ó ra ọsàn wá fún mi, ó bó o fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, ohun tó wà níwájú ni kí o máa wò," ó ní. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Mọ́ńdè, 17 Oṣù Kọkànlá

N kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo lọ bá Jàfárù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń fá pákó ibùsùn oníbàárà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ímeèlì, ìlẹ̀kùn, Simeon, Ayọ̀bọ̀. Kò bínú pé mo parọ́. Ó ń fá pákó nìṣó.

"Tí o bá rí i," ó ní, "má fi hàn mí."

Mo ní ó dáa. Mo ti ń lọ nígbà tó pè mí padà.

"Fi ẹyọ kan hàn mí," ó ní. "Kó má jẹ́ èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín."

Sátidé, 22 Oṣù Kọkànlá

Alhamdulillahi! Kọ́lápọ̀ ti fi ìbéèrè sí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ará Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà àti tiraǹsífọ́mà. Ó ní àwọn ń wá Simeon tó ní kàfé nígbà kan. Wọ́n kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní, "Wọ́n ti ń wá Simeon o, Simeon, sá!" Lónìí obìnrin kan tó ń jẹ́ Charity dáhùn pé ọkọ òun ni, Òkè-Odò ló wà, fóònù ló ń tún ṣe níbẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà sí i.

Mo fò sókè. Mo rántí oyún, mo sì jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà.

Mọ́ńdè, 24 Oṣù Kọkànlá

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Simeon dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ti sanra. Ó gbé àga fún mi. Mo ní mo fẹ́ kó ṣí fọ́tò ọmọ mi fún mi, kó sì bá mi kó o sórí fóònù mi. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n pa wọ́n rẹ́?"

Mo ní, "Èmi?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín wá bá mi níbí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ wọn ni ìyá mi ti ń tajà ní Ìkọ̀tún, ìyá mi ló mú wọn wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán àwọn, pé oyún wà nínú yín, ẹ ò fẹ́ kí fọ́tò náà wà níbì kankan mọ́. Mo ní kò burú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ó kọ pásíwọ́ọ̀dù níṣojú mi, ikotun123. Ó ní ohun kan náà lòun fi ti ti gbogbo oníbàárà òun nígbà yẹn. Ìlẹ̀kùn ṣí. HAMDALAH. Fọ́tò òdo. Ojú ìwé funfun.

Mo béèrè bóyá ó dà á kọ síbì kan. Ó ní kọ̀ǹpútà kàfé ti kú, wọ́n ti jí kámẹ́rà. Mo béèrè bóyá sáìtì lè dá a padà. Ó ní ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́ níbẹ̀, ó lọ nìyẹn. Ó ń bẹ̀ mí, ìyàwó rẹ̀ náà wá ń bẹ̀ mí, wọ́n gbé mínírà fún mi. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣe ohun tí àgbàlagbà ní kí wọ́n ṣe.

Nígbà tí mo dìde, Simeon ní, "Wọ́n ní kí n ṣí wọn fáwọn kí n tó pa wọ́n. Wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ gan-an."

Wàsíù. Òun nìkan ló lè sọ fún un. Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹni tó mọ ilé Simeon wà nínú ilé mi, ó ń wẹ eruku Ayọ̀bọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Wẹ́síìdeè, 26 Oṣù Kọkànlá

N kò lọ síbi iṣẹ́ látàná. Lónìí mo dìde lọ bá a níbi tó ti ń lọ ata.

Mo ní, "Ìyá Raheem, mo ti rí Simeon."

Kò dá ata dúró. "Mo ṣe é," ó ní. "Tó bá tún di ọ̀la, n ó tún un ṣe. Ìwọ ò rí ara rẹ lọ́dún yẹn. Èmi ni mo ń gbé ọ wọ balùwẹ̀. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí ọ lẹ́nu, tí o ń tu ú. Ṣé kí n jókòó kí o padà lọ síbẹ̀ tòun ti oyún nínú? Ó dáa, bínú sí mi. Bínú, ṣùgbọ́n kí o yè."

Mo ti to èébú jọ láti Òkè-Odò. Gbogbo rẹ̀ ló dà nù. Ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò, ojú tó rí ọmọ mi kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ilé ìdáná.

"Ẹ sọ fún mi," mo ní. "Kí ló wọ̀? Imú rẹ̀, ti ta ni?"

Ó sunkún nígbà náà. N kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé mi dìde. "Tí o bá bímọ láyọ̀ lóṣù kẹta, n ó jókòó tì ọ́, n ó sọ gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá fún ọ. N ó sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí."

"Ẹ ṣèlérí?"

"Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí."

Sọ́ńdè, 30 Oṣù Kọkànlá

Sáìtì ti kógbá wọlé. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún gbogbo ọdún tí a fi wà pẹ̀lú àwọn.

Jàfárù béèrè. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Jímọ̀ọ́, 5 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì mi ti là.

Ìyá Raheem lọ kírun Jímọ̀ọ́, kò tètè dé. Àwọn aládùúgbò rí i ní ìta Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń béèrè ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà. Jàfárù ní oòrùn ni. Mo ní bóyá oòrùn ni.

Mo ń ka oṣù. Kì í ṣe nítorí ìbímọ mọ́.

Túsìdeè, 9 Oṣù Kejìlá

Mi ò lè dúró di oṣù kẹta. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń po ògì, mo jókòó tì í, mo rọra bi í.

"Ìyá Raheem, nínú àwọn fọ́tò tí Simeon fi hàn yín, ẹyọ kan péré. Ẹ sọ ẹyọ kan fún mi."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. Ká ní mo rí ẹ̀tàn níbẹ̀, ara á tù mí.

"Fọ́tò wo?" ó ní. "Simeon wo?"

Mo dìde. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo di okùn aṣọ mú. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló jí mi, ó dún sókè dáadáa, gbogbo ilé gbọ́ ọ, bó ṣe máa ń pè mí láyé ọjọ́un.

"Ìyá Hamdalah! Ẹ̀yin dà? Ẹ wá o, ògì ọmọ ti ń tutù!"

Ife méjì ló gbé sórí tábìlì, ńlá kan, kékeré kan.

Mo ní, "Mo ń bọ̀, mà."